Kókó Tó Wà Láàárín Péálì

Ìyá mi kì í fọkàn tán ohun tó bá ń dán. Bí o bá gbé abọ́ tuntun wọlé, yóò kọ́kọ́ fi èékánná ha ìdí rẹ̀ wò. Bí àlejò bá ń rẹ́rìn-ín jù, yóò tẹjú mọ́ ọn títí ẹ̀rín náà yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ kò dára. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sín, tó sì ń tà, nínú agboolé wa ní àárín Òṣogbo àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí èmi náà fi mọ̀ ọ́n sín, kí n tó lọ sílé ọkọ mi, akọ̀wé rélùwéè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú ọkàn rẹ̀ le. Bí n kò bá sọ ọ́, ẹ ó rò pé orí wa ò pé, pẹ̀lú ohun tí èmi àti òun jọ ṣe lẹ́yìn náà.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira. Ọkùnrin kan tó ń gbé atẹ kiri dé ọ̀dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Láàárín jígí, ìyarun àti lọ́fínńdà tó wà lórí atẹ náà, ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan wà tó ń tàn bí ojú ẹja tútù. Ó ní péálì ni. Ìyá mi ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Àwọn onígbàgbọ́ àdúgbò ní ó wà nínú Bíbélì, àfáà wa náà sì ti sọ ọ́ níbi wáàsí pé irú rẹ̀ ni wọn yóò fi ṣe àwọn ará àlùjánnà lọ́ṣọ̀ọ́. Nítorí náà, nígbà tí alátẹ ní kó mú un, ó mú un. Ó sín in fún ọmọ ènìyàn ńlá kan tó ń lọ sílé ọkọ.

Oòrùn mú lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Òógùn bo ìyàwó. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, dídán ara ìlẹ̀kẹ̀ ti ń ṣí, ó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn wẹ́wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ọ̀kan nínú àwọn ìyálé ilé náà ní, "Ẹ bá wa mú ọ̀bẹ wá o, kí á họ ìyàwó kó tó wọ ìkòkò!" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú ìyá mi délé. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn ọmọbìnrin a máa fọwọ́ họ ọrùn ara wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gba ìlẹ̀kẹ̀ náà padà, ó sọ ọ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́. Gbogbo ọ̀dà ara rẹ̀ bó kúrò, ó ku gíláàsì lásán. Ó fi ẹyọ kan pamọ́ sínú agolo ìpara kékeré kan, kó lè máa rántí. Láti ọjọ́ náà ni òfin mẹ́ta ti délé wa. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tó bá wọlé, yóò kọ́kọ́ fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bóyá ó tutù. Yóò ti abẹ́rẹ́ bọ iná, yóò fi kàn án bóyá rọ́bà ni. Lẹ́yìn náà ló kan ọsàn wẹ́wẹ́, bóyá ọ̀dà ni. Iyùn nìkan ni kì í dé inú ọsàn. Ìyá tirẹ̀ ló kìlọ̀ fún un pé èèwọ̀ ni, òun náà kò sì béèrè ìdí.

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, kò kọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Tíṣà ló dà, Ìbòkun ni wọ́n sì gbé e lọ. Ọkùnrin méjì ti wá béèrè rẹ̀, ìyá mi sì ti lé àwọn méjèèjì. Ó ní bàtà ti àkọ́kọ́ dán jù. Ó ní ìkejì kì í jẹun tán nínú abọ́, pé ẹni tó ń ṣẹ́ oúnjẹ kù níwájú ènìyàn, ó ní ibi tó ti ń jẹ ẹ́ yó. Nígbà tí ẹni kẹta fi máa yọjú, àbúrò mi ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Kì í sunkún lójú wa. Ó kàn ń rù ni.

Ọmọ Iléṣà ni ẹni kẹta yìí. Ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́ tó bí ọdún kan kó tó fojú kan ilé. Ó wá kí àwọn ẹbí rẹ̀ kan ní Ìbòkun, ibẹ̀ ló ti rí àbúrò mi. Ìyá mi gbọ́ "Ìjẹ̀ṣà", ó mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ "òkun", ó tún mí.

Ó ní, "Ìjẹ̀ṣà tó wà nílẹ̀, a ò tíì mọ inú rẹ̀ tán. Èyí tó wà lórí omi ló wá kù tí a fẹ́ mọ̀?"

Èmi àti ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí wọ́n dá ọjọ́ ìdána. Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí mọ́tò kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ni. Ọkọ̀ ọmọkùnrin náà yóò gbéra ní ìparí oṣù. Bí ìdána bá bọ́, ó di ọdún mìíràn kí a tó rí i, bí a bá tún rí i.

Ìdána ku bí ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí àbúrò mi ti Ìbòkun dé, pẹ̀lú àpótí pẹlẹbẹ kan lábẹ́ abíyá. Ó ṣí i. Aṣọ àrán aláwọ̀ aró ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn kan sì ká jọ lórí àrán náà. Mo ti ń bá ìlẹ̀kẹ̀ gbé láti kékeré, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó funfun, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ kò sí lókè. Ó wà nísàlẹ̀, bíi pé iná kékeré kan wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi wàrà bò. Bí o bá yí i, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan á kọjá lára rẹ̀, á sì lọ.

"Péálì ni," àbúrò mi wí. "Jàpáànì ló ti rà á fún mi."

Ìyá mi kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ìwọ, sún mọ́ ọn, kí o bá mi wò ó." Èmi ló ń bá wí.

Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i. Láàárín ẹyọ kan àti èkejì, kókó wà. Wọ́n fi òwú ta kókó kékeré kan, wọ́n ki ẹyọ kan sí i, wọ́n tún ta òmíràn, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìlẹ̀kẹ̀ a máa kan ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ yọ̀ lórí òwú bí tẹ̀sùbáà, kó máa dún ṣẹkẹṣẹkẹ. Ta ní í ta kókó sáàárín ìlẹ̀kẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ de ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀ ló ń ta okùn ní kókó. Ọmọdé Òṣogbo kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyẹn.

"Kókó ni, ìyá mi," mo wí. "Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ta kókó sí."

"Áúsù bílà!" Ìyá mi ti dìde. "Ọrùn ọmọ mi ló fẹ́ dì bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn," àbúrò mi wí.

"Ìwọ ti dé ibẹ̀ rí?"

"Rárá, mà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Òun ni, mà."

"Ẹni tó ta kókó náà ló sọ fún ọ pé kókó ò ṣe nǹkan kan."

Àbúrò mi gbìyànjú. Ó sọ ohun tí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ fún un. Ó ní ẹran kan wà nínú òkun, ó jọ ìṣáwùrú, ṣùgbọ́n karawun méjì ló ní, ó ń ṣí, ó ń pa dé bí ìwé. Wọn á la ẹnu karawun náà díẹ̀, wọn á ki róbótó kékeré tí wọ́n gbẹ́ lára karawun mìíràn sínú ara rẹ̀, pẹ̀lú bíńtín lára ẹran ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọn á wá fi sínú apẹ̀rẹ̀, wọn á so ó rọ̀ sínú òkun. Ó lè tó ọdún méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran náà á máa fi omi ara rẹ̀ bo róbótó yẹn, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi di péálì.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ó ki í sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tún yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbé ẹyin sábẹ́ adìyẹ ló wá ń pariwo kiri pé adìyẹ òun yé! Fi àpótí yẹn sílẹ̀ kí o máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ. Jẹ́ kó gbé lọ́dọ̀ mi."

Lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Méjì ti lọ. Bí ìyá bá lé eléyìí, n kò ní mú ẹnikẹ́ni wá mọ́."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Bí mo sì ṣe ń sọ ọ́, kókó yẹn ni mo ń rò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ìyá mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ti tẹ́ ẹní, ó ti gbé abọ́ tánńganran kalẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n fi abẹ fẹ́lẹ́ gé òwú náà. Mo lè sọ fún yín pé òun ló fi agbára mú mi, ẹ ó sì gbà mí gbọ́, nítorí irú ènìyàn tó jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi náà ń fura. Ó sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú pé ọkọ mi kò tíì gbé nǹkan tó ń tàn tó bẹ́ẹ̀ wálé fún mi rí. Ó rọrùn fún mi láti gbà pé ayédèrú ni.

Mo gé e. Bí mo ṣe ń tú kókó kọ̀ọ̀kan ni ìyá mi ń ka àdúrà lábẹ́ ètè. Kò sí ohun tó jáde. Mo mú ẹyọ kan tó wà nítòsí ìkọ́, mo fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó tutù nini. Mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án: kò yọ́, ṣùgbọ́n ó rùn fẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tó jóná.

"O gbọ́ òórùn yẹn?" ìyá mi wí. "Ìlẹ̀kẹ̀ wo ní í rùn bí irun?"

A fún ọsàn, a sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó tín-ín-tín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀, ó ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ń mí," ìyá mi wí, ó sì sún ẹní rẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tó kírun àsárì tán, a yọ ọ́. Dídán rẹ̀ ti kú. Ó rí bí ẹfun tí òjò pa.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ìyá mi wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó jọ ohùn ẹni tó ti gbé ẹrù kan láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tí n kò sọ. Ọ̀dà ti alátẹ bó ní awẹ́ awẹ́, ó léfòó sójú omi, gíláàsì ló ṣẹ́kù. Èyí kò bó. Kò sí awẹ́ kankan nínú abọ́, kò sì sí gíláàsì. Ó kàn ṣá ni, gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo abọ́ náà títí. Mo da omi rẹ̀ nù sí ìdí ìbẹ́pẹ, mo sì di ẹyọ tó kú náà mọ́ etí ìró mi.

Ìyá mi kò fẹ́ kí n ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó ní bí a bá ránṣẹ́, wọn yóò ní òpùrọ́ ni wá. Kí wọ́n wá. Ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ni òun yóò ti bi í. Nítorí náà, ó ní kí n tún un sín. Mo sín in bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sín, ẹyọ kan kan èkejì, láìsí kókó kankan, mo sì dá a padà sórí àrán.

Wọ́n dé láti Iléṣà ní ọjọ́ Sátidé, mọ́tò kan kún bámúbámú. Àbúrò bàbá ọmọkùnrin náà, obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, tí a wá ń pè ní Ìyá Iléṣà, ló ṣíwájú wọn. Aṣọ ló ń tà, ó ga, ohùn rẹ̀ sì dé inú ilé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé e. Mo ti ro ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ojú rẹ̀ ń kọ mànà. Ọkùnrin kúkúrú ló wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ní àpá iná, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí eruku fi bá iwájú agbádá rẹ̀.

"A kí yín nínú ulé o!" Ìyá Iléṣà wí. Ulé ni wọ́n ń pe ilé lọ́dọ̀ wọn, àwọn èwe wa sì ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí wọ́n tó gbé obì kalẹ̀, ìyá mi gbé àpótí náà sí àárín ilé.

"Àna mi," Ìyá Iléṣà wí, "kí ló dé tí ẹ gbé ẹ̀bùn síwájú ẹni tó fún yín?"

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni ọmọ yín ta ní kókó mọ́ ọmọ mi lọ́rùn?"

Ìyá Iléṣà bú sẹ́rìn-ín. "Òògùn kẹ̀? Eléyìí? Ọmọ tí n kì í lè fún lágbo àfi kí ẹni mẹ́ta dì í mú! Bó bá mọ òògùn ni, ṣé inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni iná ì bá ti máa jó o lọ́wọ́?"

Gbogbo àwọn ará Iléṣà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣí àpótí, ó ti mú ẹ̀gbà ọrùn náà lọ́wọ́, ó ń fi àtàǹpàkò gbá a lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó rọra ní, "Ìyá, kò sí kókó kankan nínú rẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o!" Ìyá Iléṣà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sókè. "Àna mi, kókó tí ẹ ń wí dà?"

Ìyá mi kò tíì ronú dé ibẹ̀. "A ti tú u," ó wí.

"Ẹ tú u! Kí ló wá jáde?"

"Kò sí ohun tó jáde. Ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Ọmọ mi dán an wò. Ẹni tó fi ayédèrú tọrọ ọmọ, ìfẹ́ rẹ̀ náà ńkọ́?"

Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi. Àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, gèlè rẹ̀ ti tú sí ọwọ́ rẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó ti mọ ohun tí màá sọ.

Mo tú etí ìró mi. Mo na ẹyọ tó kú náà sí ọmọkùnrin yẹn.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi sí," mo wí. "Ó hó, ó sì kú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kankan ò bó lára rẹ̀, ìyá mi. Kò bó. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn, n kò sọ."

Ìyá mi yíjú sí mi. Irú ojú tó fi ń rántí alátẹ yẹn ló fi wò mí.

Ọmọkùnrin náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó dùn ún, mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè ló bi. "Ìyá, ṣé ẹ máa ń fi iyùn sínú ọsàn?"

"Èèwọ̀ ni."

"Kí ló dé, mà?"

"Ìyá mi ló kìlọ̀ fún mi."

"Ìyá yín gbọ́n, mà. Ọmọ òkun ni iyùn. Ọmọ òkun lèyí náà. Ọsàn ń jẹ àwọn méjèèjì."

Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ọmọ ọlọ wá. Ó fi aṣọ wé ẹyọ náà, ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣí aṣọ. Ó ti là sí méjì. Ó pè mí sún mọ́ ọn. Nínú rẹ̀, róbótó funfun kan wà tí kò dán rárá. Yí i ká, èèpo tín-ín-rín kan bò ó, ibi tó sì ti kán fi hàn pé kì í ṣe ẹyọ kan: èèpo lórí èèpo ni, bí àlùbọ́sà. Òkè rẹ̀ tí ọsàn jẹ ti kú, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí ọsàn kò dé, ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀.

"Èyí tó wà láàárín ni ènìyàn gbìn," ó wí. "Èèpo tó yí i ká, ẹran náà ló ṣe é. Ó ń ni ín lára, kò sì lè pọ̀ ọ́ jáde, ló fi ń bò ó. Ìyá, bí ẹ bá gbin àgbàdo, ṣé àgbàdo yẹn ti di ayédèrú nítorí pé ẹ̀yin lẹ gbìn ín?"

Ìyá mi mú ìdajì kan, ó yí i wò.

"Mo mọ ọ̀nà kan tí kò ní ba nǹkan jẹ́," ọmọkùnrin náà wí. "Ẹ fi ra eyín yín, mà. Ojúlówó á ha eyín díẹ̀, bí iyanrìn kíkúnná. Ayédèrú á yọ̀."

Ìyá mi dìde, ó wọ yàrá. A rò pé ó ti bínú lọ. Nígbà tó jáde, agolo ìpara yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú gíláàsì alátẹ jáde, ó fi ra eyín rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn àna. Ó mú ẹ̀gbà ọrùn náà, ó fi ẹyọ kan ra eyín. Ó tún padà sí gíláàsì. Ó tún padà sí péálì. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì lè rẹ́rìn-ín.

Mo gbàgbé ara mi. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló gbé mi. Mo bi ọmọkùnrin náà bóyá funfun nìkan ló wà. Ó ní ti òkun Jàpáànì, tí omi rẹ̀ tutù, ló kéré tó sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ní òkun tó gbóná nísàlẹ̀ ayé, karawun ibẹ̀ tóbi bí àwo, péálì rẹ̀ sì tóbi jù èyí lọ, òmíràn bí fàdákà, òmíràn bí wúrà. Ó ní erékùṣù kan tún wà lọ́nà jíjìn tó jẹ́ pé dúdú ni tiwọn, ṣùgbọ́n dúdú náà kò dúdú tán, bí ọrùn ẹyẹlé ló ń ṣe. Mo bi í nípa kókó. Ó ní ara péálì rọ̀, bí ẹyọ bá ń gbo èkejì, yóò ha á. Bí òwú bá sì já, ẹyọ kan péré ni yóò bọ́ sílẹ̀, ìyókù á dúró.

"Ṣé ìdána la wá ṣe ni, àbí ulé ìwé?" Ìyá Iléṣà wí. "Àna mi, ẹ ti ba ọ̀kan jẹ́. Ó tán. Ẹ ṣáà fún wa lọ́mọ."

Ìyá mi ní, "Yóò padà sí bó ṣe wà. Pẹ̀lú kókó rẹ̀."

Ìyá Iléṣà ní òwú sẹ́dà nínú àpò rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọrùn agbádá. Ọmọkùnrin náà mú abẹ́rẹ́ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ìwọ kọ́. Kọ́ eléyìí ní bí wọ́n ṣe ń ta á. Òun ni yóò ta á."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó sáàárín àwọn àna, a kò tíì gbé obì kalẹ̀, mo ń kọ́ iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo ba ẹrù rẹ̀ jẹ́. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi orí abẹ́rẹ́ darí kókó títí yóò fi jókòó ti ẹyọ náà. Ìyá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, kò gbójú kúrò lára òwú. Bí mo bá ta ọ̀kan, ètè rẹ̀ á mì. Nígbà tí mo dé ìkọ́, ó gbà á, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì bi mí ní ohùn tí gbogbo ilé gbọ́:

"Ìwọ lo ta gbogbo rẹ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dára. Bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yìí nílé ọkọ, a mọ ẹni tí a ó mú."

Ó wá ní kí wọ́n gbé obì.

Àbúrò mi lọ sílé ọkọ. Ọkọ̀ gbéra, ọkọ̀ padà, ọmọ dé. Òwú a máa gbó, a sì máa mu òógùn, nítorí náà ní ọdún mélòó kan sí ara wọn, àbúrò mi á gbé àpótí náà wá sọ́dọ̀ mi kí n tún un ta. Ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi lọ́fínńdà sí. Bí ó bá bọ́ ọ, á fi aṣọ rírọ̀ nù ún kó tó dá a padà.

N kì í fi ẹ̀gbà ọrùn náà fún un láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá wa. Ìyá ti darúgbó nígbà náà, kì í dìde púpọ̀ mọ́. Á gbà á, á fi ìka ka kókó rẹ̀, á sì bi mí bóyá èmi fúnra mi ni mo ta á. Màá ní èmi ni. Á bi mí bóyá gbogbo rẹ̀. Màá ní gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á mú ẹyọ kan, á gbé e lọ sẹ́nu. Eyín kan ṣoṣo ló kù fún un níwájú. Òun náà ló fi ń dán an wò.